Ohùn Ta Ni Wọ́n Fi Sí Dadu Lẹ́nu

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Keje

Láti òní lọ, Bengali, èdè wa, ni màá máa fi kọ ìwé yìí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kàwé lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Leeds. Ó tó gẹ́ẹ́. Bí àṣìṣe bá wà, kó wà. Ìbínú kì í dúró de ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Dadu, bàbá tó bí bàbá mi, Himangshu Guhathakurta tí gbogbo Kolkata mọ̀, ya fíìmù ìkẹyìn rẹ̀ nígbà òtútù. Ojú rẹ̀ pé níbẹ̀. Ohùn ló kù, torí lẹ́yìn ni wọ́n máa ń gba ohùn sílẹ̀ níbí. Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe dé lóṣù kẹrin. Ẹnu rẹ̀ ti ń pa dà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ — àmọ́ kì í ṣe ẹnu sinimá. Ẹnu Barishal ni, ti abúlé tí wọ́n ti sá wá nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ wa sí méjì. Ọlọ́lá Kolkata ló sì ṣe nínú fíìmù.

Mo ní Dadu fúnra rẹ̀ ni kó sọ ọ́; Ajẹ́lẹ̀ ní kí n fi sílẹ̀. (Kaku mi ni, àbúrò bàbá mi. Ó ń ṣètò iṣẹ́ Dadu bí ẹni ń ṣàkóso ìlú tó fogun kó.) "Tultul, mu tíì ẹ jàre. Ìwọ tó jẹ́ pé bí o bá ń ra ẹja, ṣe ni ẹlẹ́ja ń sáré wá ògbufọ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo mu tíì mi. Ó korò.

Ọjọ́rú, 10

Dadu àti èmi, ìdánrawò. Ó ń sọ ọ́, mo ń fi ìka tọ́ka sí ìlà. Ó ń tún mi ṣe, mo ń tún un ṣe — ta ló ń kọ́ ta? Ìlà kan, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ìkẹsàn-án dùn dé egungun mi.

Ó ní, "Sọ fún Kaku ẹ pé ẹkùn arúgbó ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bú ramúramù."

Ọjọ́bọ̀, 11

Òjò. Omi dé ẹnu ọ̀nà. Ajẹ́lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù ní bákónì. N kò fẹ́ràn jẹ́jẹ́ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Àlejò kan wá. Ọkùnrin tín-ín-rín, bàtà lábíyá, ṣòkòtò tutù dé orúnkún, páálí sandesh, àdídùn wàrà wa, lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bishtu Dhara. Ogún ọdún ló ti ń sín Dadu jẹ lórí pèpéle nígbà àjọ̀dún Durga. Ó sín in jẹ fún wa — mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó fẹ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Dadu, bí a ṣe ń kí àgbà níbí. Èmi fúnra mi ni mo fa àga Dadu sún mọ́ ọn.

Ó pẹ́ lórí ẹsẹ̀ yẹn. Dadu gbé ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lé e lórí: "Á yẹ ọ́." Ó jẹ sandesh kan. "Ṣúgà ẹ̀ ò pọ̀ jù. O mọ ẹni tí ò ń gbé e wá fún."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Òmùgọ̀ ni mí! Níbí, ẹni tó fẹ́ bọ́ sípò àgbà kì í bẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ lórí. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ti bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" kó tó fa àga. Èmi fa àga.

Láti àná ni Bishtu ti wà nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Ó ti fi ohùn Dadu ṣe ìdajì fíìmù. Ajẹ́lẹ̀ ló buwọ́ lùwé lórúkọ Dadu. Pátákó ìpolówó ti wà lójú títì: OHÙN HIMANGSHU, ÌGBÀ ÌKẸYÌN. Irọ́! Kò sí orúkọ Bishtu níbì kankan.

Mo pariwo mọ́ Ajẹ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ ti tà á láàyè!"

Kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. "Ta ló fa àga, Tultul?"

Ọjọ́bọ̀, 18

Mo sọ fún Dadu. Mo rò pé á sunkún. Ìrẹsì yíyan ló ń jẹ, pẹ̀lú ata tútù.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Ẹni tó kàn fẹ́ràn mi ò ní pẹ́ lórí ẹsẹ̀ mi bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ló dá a dúró."

Mo ní kó gba ìre rẹ̀ pa dà. Ó ní ọwọ́ tó ti kan orí kì í ṣeé mú kúrò mọ́. Mo gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀ — mo gbé e kúrò lóòótọ́, ojú ń tì mí. Ìgbà yẹn ló sọ ọ́.

Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ ojú omi tí àwọn ọkọ ìyàwó ṣì ń sọ nílé ìgbéyàwó títí dòní. Ohùn rẹ̀ kọ́. Wọ́n fi ẹnu Barishal rẹ̀ ṣẹ̀sín, wọ́n pe Sudhamoy Kundu, òṣèré kan tí ṣọ̀pọ̀nná ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ débi tí kò sẹ́ni tó lè gbé e síwájú kámẹ́rà. Òun ló sọ ọ́. Kò sí orúkọ rẹ̀ lójú fíìmù. Ọdún méjì ni Dadu fi dúró níwájú dígí, tó ń kọ́ ohùn ọkùnrin yẹn, títí ó fi di tirẹ̀.

Mo bi í bóyá ó lọ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ó ń ṣàìsàn ní Shyambazar. Nínú ìlú yìí náà ni, kò ju wíwọ tíráàmù kan ṣoṣo lọ. N ò lọ."

Mo jáde kúrò nínú yàrá.

Ọjọ́ Ẹtì, 19

Ohun tí mo torí rẹ̀ ń bínú sí Ajẹ́lẹ̀, Dadu ti jókòó sínú rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Dadu pe Ajẹ́lẹ̀. "Dipten, orúkọ Bishtu á wà lójú fíìmù, lábẹ́ tèmi gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá fi ẹnu Barishal yìí sọ gbogbo ẹ̀ fáwọn oníròyìn."

Ajẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ni ọ̀rọ̀ yín máa yé?"

"Ó yé mi," ni mo wí. "Èmi ni màá kọ ọ́."

"Ìwọ? Ìwọ tí ẹlẹ́ja ń wá ògbufọ̀ fún?"

Ó lọ. Dadu ní kí n mú ìwé tuntun wá, ti ìtàn ayé rẹ̀ tí mo ti ń fẹnu lásán sọ pé màá kọ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ó sọ ìlà àkọ́kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó kọ ọ́ tán:

*Ohùn tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mi, ti Sudhamoy Kundu ni. Èyí tí ẹ máa gbọ́ kẹ́yìn, ti Bishtu Dhara ni.*

Inú ṣì ń bí mi sí i. Tìbínú-tìbínú ni mo fi tẹ̀ láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n lè bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Kọ ọ́ tán ná," ó ní.