Ìkẹ́dùn Lórí Màmá Káwọ́-Sẹ́yìn, àti Lẹ́tà Ìkìlọ̀ Tí A Fagi Lé

Sí Bàbá, ọkọ olóògbé, àti gbogbo ọmọ,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú tí a ó ṣàlàyé rẹ̀, ni àwa ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé iṣẹ́ aṣọ rírán yìí fi ń bá yín kẹ́dùn ikú Màmá, tó fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa níṣẹ́. Olùkọ́ kejì, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti Màmá, la ní kó bá wa kọ lẹ́tà yìí. Èyí tó kọ́kọ́ kọ gún régé, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fà á ya. Ó ní òun ò lè fi irọ́ ránṣẹ́ sílé ọ̀fọ̀. Ohun tó sọ fún wa nìyí, a sì fara mọ́ ọn.

Ó ń jowú Màmá, kì í sì í ṣe owú kékeré. Ìwé ẹ̀rí mẹ́rin ló gbé kọ́ ògiri. Ẹyọ kan péré ni Màmá ní, inú àpótí òwú ló wà. Síbẹ̀, bí àsìkò ìsinmi ọ̀sán bá ti tó, àwọn tí Màmá ti kọ́ níṣẹ́ tipẹ́ á máa wọlé wá pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́: "Màmá, ẹ wá wo èyí." Ọkùnrin yìí gbé tábìlì rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè kọ́kọ́ kan òun. "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni wọ́n ń wí, wọ́n á sì kọjá lọ bá Màmá.

Ẹ mọ bí Màmá ṣe ń kọ́ni. Wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọn kì í gba aṣọ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ibẹ̀ ni ìnagijẹ wọn ti wá. Abiyamọ kan ran síìpù sódì sára sòkòtò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹjọ. Olùkọ́ kejì ì bá ti já a gbà ní ẹ̀ẹ̀kejì. Màmá kàn ní, "Tú u, ìyàwó mi, kò sẹ́ni tó ń lé wa." Abiyamọ yẹn ni olórí ẹ̀ka sòkòtò lónìí.

Nígbà kan, olùkọ́ kejì bi Màmá pé kí ló dé tí iṣẹ́ yìí kì í sú wọn, nígbà tó ti sú òun. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ò bá pè mí mọ́ ni inú mi máa ń dùn jù." Kò gbà wọ́n gbọ́, torí pé kí wọ́n ṣáà máa pe òun ló ń dùn mọ́ ọn. Ló bá wá fẹjọ́ sùn wá pé ọ̀lẹ ni Màmá, pé wọ́n kàn ń káwọ́ sẹ́yìn wòran. A ò wádìí. A kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí wọn, a sì gbé àmì ẹ̀yẹ olùkọ́ ọdún náà fún olùkọ́ kejì. Màmá ka lẹ́tà náà, wọ́n fi í sápò, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Wọn ò tilẹ̀ bá a yan odì, èyí ló sì dùn ún jù.

A ti fagi lé lẹ́tà ìkìlọ̀ náà báyìí. Àmì ẹ̀yẹ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó mú ìwé yìí wá fún yín, tiyín ni. Ilé iṣẹ́ á wà ní títì lọ́jọ́ ìsìnkú, àyè sì wà fún àbíkẹ́yìn Màmá tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, nígbàkígbà tó bá ṣe tán.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Àwọn tí Màmá kọ́ ti pín ara wọn láti gbé pósí. Olùkọ́ kejì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun láyè, wọ́n ní ọwọ́ yín ni àṣẹ wà. Ó ní ká má fi bò, òun ṣì ń jowú: bí òun bá kú lọ́la, òun ò mọ ẹni mẹ́fà tí yóò dìde fún òun. Bí ẹ bá kọ̀, kò ní bínú. Bí ẹ bá gbà, ó fẹ́ dúró níwájú gbogbo èèyàn kó jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa mọ́ Màmá.

Kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ nu omijé yín nù, kó dúró ti Bàbá nínú ilé tó dákẹ́ náà, kó má sì jẹ́ kó dẹ̀yìn ikú ká tó sọ ohun rere tí a mọ̀ nípa ẹni tó jókòó sí iwájú wa.

Àwa ni,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó, àti olùkọ́ kejì.