Káàdì Ilé Gogoro Tí Mo Fi Pamọ́

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹta

Ẹnu mi ti tún kó bá mi.

Ọ̀sán ni ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fi káàdì woṣẹ́ — sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ funfun, nínú òtútù yìí náà o. Oníbọ̀sẹ̀ ni màá máa pè é níhìn-ín. Mo-ran lorúkọ ẹ̀ gan-an, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láti Goheung létí òkun. Ìdánwò iṣẹ́ ìjọba ló bá wá sí Noryangjin, bíi gbogbo ọmọ tó há sí àwọn yàrá kótópó àdúgbò yìí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ẹ̀ rèé. Ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe é. Ó ní, "Àǹtí, ṣé màá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́tẹ̀ yìí?"

Káàdì kan ṣoṣo ló ní òun máa fà. Ó fà á. Ilé Gogoro.

Ààrá sán lu òrùlé, iná ń yọ lójú fèrèsé, ènìyàn méjì dorí kodò lójú ọ̀run. Nínú káàdì méjìdínlọ́gọ́rin tó wà lọ́wọ́ mi, òun ni mi kì í fẹ́ kó yọjú sí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Káàdì Ikú pàápàá sàn jù ú, ẹni tó bá fa Ikú á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé nǹkan kan fẹ́ yí padà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Ṣé o rí àwọn méjì yìí? Wọ́n ń já bọ́."

Já bọ́! Ní Noryangjin! Níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá yege la ní ó "lẹ̀ mọ́ ọn", ẹni tí kò bá yege la ní ó "já bọ́". Níbi tí wọn kì í ti í fi ọbẹ̀ ewé òkun kan ẹnu lóṣù ìdánwò, torí pé ó ń yọ̀. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń wo káàdì níbí, mi ò ṣi ọ̀rọ̀ yẹn sọ rí.

Ojú ẹ̀ yí padà. Ó mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó tẹrí ba, ó bá tiẹ̀ lọ. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Mo ń wo ẹnu ọ̀nà látàárọ̀. Kò wá.

Ọjọ́rú, 13

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ońrẹsì — ẹni tó ń ta ìrẹsì inú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mal-hui, ìwọ gan-an ló yẹ kí wọ́n máa wo káàdì fún kó o tó la ẹnu." Ó mọ ọmọ náà. Ìrẹsì ẹlẹ́yin lọmọ náà ń jẹ, ojoojúmọ́ ló ń rà á. Ó ní ó di ọjọ́ kejì tí òun ò rí i.

A ti gbọ́ oríṣiríṣi ohun tí ẹni tó já bọ́ fi ara ẹ̀ ṣe ní àdúgbò yìí. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Mo rí i! Lọ́nà ọjà ẹja. Kò mú ìwé kankan dání — ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ku ọjọ́ ìdánwò! Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń wo àwọn ẹyẹ òkun. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mi ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín ẹni tó ti jọ̀wọ́ gbogbo nǹkan ni. Mo mọ̀ ọ́n, èmi náà jókòó ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀meje kí n tó di Àǹtí Káàdì. Nǹkan kékeré ló ń mú èèyàn jáwọ́. Lọ́dún kẹrin mi, bàtà mi já lọ́nà ibi ìdánwò, mo kàn yà padà sílé ni. Kí ni mo tiẹ̀ lọ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ yìí?

Ọjọ́ Ajé, 18

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe.

Òfin méjì ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fún mi. A kì í bi káàdì ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí oṣù tó yí. A kì í sì yọ káàdì kúrò. Méjèèjì ni màá rú. Mo yọ Ilé Gogoro, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀. Mo tún yọ mẹ́jọ mìíràn tó lójú burúkú tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ti kú, kò lè bá mi wí. Irọ́ ni, mo mọ̀. Irọ́ tó máa tún ọmọ ṣe ni.

Ọjọ́rú, 20

Mo dúró dè é nídìí ìrẹsì, mo fà á wọlé. Mo ní káàdì ọjọ́sí ò pé, mi ò pò ó dáadáa kó tó fà á. Irọ́ kejì nìyẹn. Kò fẹ́ jókòó. Ó ní, "Àǹtí, ti àkọ́kọ́ yẹn ti tó mi." Mo ní kò tó. Mo ní bí kò bá fà á, èmi ò ní gbádùn. Nígbà tó rí i pé mi ò ní fi òun sílẹ̀, ó jókòó, ó fà á.

Òòrùn! Òun gan-an! Ọmọ kékeré lórí ẹṣin funfun, òdòdó lẹ́yìn ọgbà. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ṣé o rí i? O máa lẹ̀ mọ́ ọn!"

Ó bú sẹ́kún. Ó sunkún títí, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ń ní má sunkún mọ́, ayọ̀ ni, ayọ̀ ni. Mo fún un ní súìtì tó ń lẹ̀, odidi páálí kan. Ó gbà á lọ́wọ́ méjèèjì.

Ìyá Ońrẹsì ní mo káre. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Oníbọ̀sẹ̀ ti padà sídìí ìwé. Ìdájí ló ń lọ. Ó ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá, á tẹrí ba, kì í wọlé. Mo ń dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 28

Ó ti rù. Ìrẹsì ife kan, ìdajì ló jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹrin

Mo fẹ́ kọ ọ́ bí Ìyá Ońrẹsì ṣe sọ ọ́, kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbè sẹ́yìn ara mi.

Ó ní òun bi ọmọ náà lónìí pé kí ló dé tí kò jẹun mọ́. Ọmọ náà ní, lọ́jọ́ tí òun fa Ilé Gogoro, òun sùn wọra fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ó ti di àpótí ẹ̀. Ó ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó fẹ́ padà sílé. Kò lè sọ fún bàbá ẹ̀ pé ó ti rẹ òun, ṣùgbọ́n ó lè sọ pé káàdì ní òun máa já bọ́. Bàbá ẹ̀ gba káàdì gbọ́. Ló bá wá fa Òòrùn. Ló bá lọ tú àpótí.

Ìmí tó mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn — ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ló ń mí bẹ́ẹ̀! Mo jókòó síwájú ẹ̀, mo kà á sí ìbànújẹ́. Ẹkún ìbànújẹ́ dé, mo kà á sí ayọ̀. Káàdì ni mo mọ̀ ọ́n kà. Mi ò mọ ojú èèyàn kà.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Kí n sọ fún un, kí n má sọ? Bó bá jẹ́ pé ọdún tó máa yege rèé ńkọ́? Ìyá Ońrẹsì ní kí n fi í sílẹ̀, mo ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n má bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Òótọ́ ló sọ. Mo ṣì lọ sílé tó ń gbé. Wọn ò gba àlejò ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Mo dé ẹnu géètì iléèwé tí wọ́n ti ń ṣe é kó tó di aago mẹ́jọ. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti lẹ súìtì mọ́ irin géètì, kí ọmọ wọn lè lẹ̀ mọ́ ọn. Aago mẹ́sàn-án lù kí n tó rí i lábẹ́ igi kan, ìbọ̀sẹ̀ funfun, ìwé lábíyá. Kò ka ìwé náà.

Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ látilé. Gbogbo ẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Mo-ran, mo yọ Ilé Gogoro kúrò kó o tó fa Òòrùn."

Ó wò mí. Mo ń retí kó bú mi, ó lẹ́tọ̀ọ́.

Ó ní, "Òun nìkan lẹ yọ, Àǹtí?"

Mo ní mẹ́sàn-án. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo ní kó má dárí jì mí báyìí, kò sáyè. Mo ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni wọ́n máa ti géètì, àti pé bó bá wọlé, káàdì kọ́ ló wọlé, bó bá sì yà, káàdì kọ́ ló yà. Mo ní kí ló fẹ́?

Ó mú fóònù. Ó fi ọwọ́ kejì di tèmi mú, ó le, èékánná ẹ̀ ń wọ̀ mí lára. Etí bàbá ẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa, ariwo ló fi ń sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́.

"Bàbá, mo ti já bọ́."

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti já bọ́. Mo fẹ́ máa bọ̀ nílé."

Wọ́n ń ti géètì, mo ń wò ó. Ẹni tó pẹ́ dé sáré gba iwájú wa kọjá, ó wọlé. Oníbọ̀sẹ̀ ò tiẹ̀ yíjú.

Ohùn bàbá padà wá, kò pariwo mọ́, mo ní láti fi etí sí i. Ó ní, "Ta ló ní kó o má wálé?"

Èmi tí mo ní kó má lọ ni mo dúró tì í yẹn. Kò sọ ọ́ fún bàbá ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú síbẹ̀.