Àpò Kọ́tìnnì Tó Fẹ́ Ba Ìgbéyàwó Jẹ́

                                        Ilé Ìfọṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baba Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé gbẹ̀yìn, ṣé ó ti san? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Èmi gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí dáadáa ni, torí pé lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi ba ìgbéyàwó ọmọlọ́mọ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti inú gọ́tà. O rántí òjò tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa? Nígbà tí wọ́n la gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rá tí a fi ń bo aṣọ oníbàárà ló dí i. Kì í ṣe ọ̀rá ẹlòmíì o, nọ́ńbà fóònù wa wà lára wọn gàdàgbà. N kò lè wo ojú ìyá tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí omi ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ náà ni mo búra pé ọ̀rá kankan ò ní jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́.

Ilé ìtura kan tí à ń fọṣọ fún pààrọ̀ kọ́tìnnì, mo bá tọrọ àlòkù. Aláwọ̀ eérú ni gbogbo rẹ̀. Mo gé e, mo rán an ní àpò gígùn tó gba gáùn, tó gba kóòtù. Oníbàárà á gbé aṣọ lọ nínú rẹ̀, á dá àpò padà tó bá ń bọ̀. Ọkọ mi ní ó dáa, ṣùgbọ́n a máa ń rí aṣọ látinú ọ̀rá, kí n so orúkọ mọ́ àpò. Mo ní ó ń fojú di mí ni. Ṣé èmi tí mo ti ń fọṣọ láti ogún ọdún ni mi ò ní mọ aṣọ tí mo bá gbé lọ́wọ́? Ìwọ náà mọ ẹnu mi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, mi ò sì gba ọgbọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ìyàwó tuntun kan wá gba gáùn rẹ̀. Ọ̀la ni ìgbéyàwó. Mo tú okùn àpò, ẹ̀wù funfun mẹ́rin ti dókítà eléyín ló wà níbẹ̀. Dókítà ti gbé àpò kejì lọ láàárọ̀. Gáùn yẹn, ìyá ọmọ náà ló wọ̀ ọ́ nígbà tirẹ̀, ìyá ọ̀hún sì ti kú láti ọdún méjì. Ọmọ náà ò bú mi. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ẹ̀wù dókítà mú. Ì bá sàn kó bú mi.

A pe dókítà, kò gbé e. Ọkọ mi ti ṣọ́ọ̀bù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta forí lé ilé ìwòsàn eyín. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ó ń yọ eyín ẹnì kan. Mo ń rò ó pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sí gáùn yẹn ńkọ́. Nígbà tó jáde, tí a ṣàlàyé, ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àpò wà lórí ìṣó, okùn rẹ̀ ṣì wà bí mo ṣe so ó. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀wù àná ò tíì dọ̀tí, òun ì bá wọ gáùn ìyàwó yọ eyín. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tí òwú wà lẹ́nu rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo sunkún.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rí ọ̀rá kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú dúrọ́ọ̀, mo ní kí n fi bo gáùn náà, kí ọmọ yẹn lè máa rí i títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ní rárá, àpò yẹn ti tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kí n kàn kọ orúkọ sí i. Mo mú bírò, mo béèrè orúkọ rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló sọ.

Gbogbo àpò wa ló ti lórúkọ báyìí, wọ́n sì ń padà wálé. Ti ìyàwó yẹn nìkan ni kò tíì dé, mi ò sì ní béèrè rẹ̀.

Bá mi kí Baba Ìbejì, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ọkọ mi ní kí n kí yín.

Èmi ni tìrẹ, bí o ṣe mọ̀ mí,
Alágídí