Ìlú Tó Ń Jóná Lára Ògiri Pálọ̀ Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ẹrù dé. Mo sáré jáde, mo rò pé lẹ́ẹ̀sì funfun mi ni — àpótí ń dún gbàn-ìn. Lẹ́ẹ̀sì wo ló ń dún?

Ti Ọ̀gá Iná ni. (Ọkọ mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ panápaná. Lójú rẹ̀, Baba wọn ni o.) Ó tú u. Àwòrán! Wọ́n tẹ̀ wọ́n sórí páànù, wọ́n ń dán bíi jígí. Ìlú àtijọ́ tó ń jóná ni gbogbo wọn. Ilé onípákó ń jó, afárá ń jó, ọjà ń jó, èèyàn gbé bẹ́ẹ̀dì lérí ó ń sá lọ. Mo bi í pé kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ní a fẹ́ fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Pálọ̀ tí mo ti ń rán aṣọ ìgbéyàwó! Ibẹ̀ ni maṣíìnì mi wà, ibẹ̀ ni jígí gígùn wà. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Òòlù láti àárọ̀. Mo rò pé ó máa tò wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí. Rárá o, bí atẹ́gùn inú wọn ṣe ń fẹ́ ló fi tò wọ́n. Ó ní iná kankan ò gbọdọ̀ kọjú sí kíṣìnnì, torí sílíńdà gáàsì. Mo rán an létí pé àwòrán ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ fi ọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

Ọjọ́rú, 5

Ó ń bá àwọn panápaná inú páànù jà. Ó ní ibi tí wọ́n dúró sí ò dáa.

Ọjọ́bọ̀, 6

Nǹkan ṣe! Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé, ó bọ́ sára páànù, gbogbo pálọ̀ pọ́n fòò. Èmi wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sá aṣọ. Ìyá Ojú Fèrèsé — aládùúgbò wa tó ń gbé òdìkejì, tó mọ ẹni tó wọlé wa ju àwa fúnra wa lọ — ló rí i. Igbe ta. Ó gbé bókẹ́ẹ̀tì omi, ó gba ojú fèrèsé da gbogbo rẹ̀ sínú ilé. Orí Ọ̀gá Iná tó ń tòògbé nínú àga ló dà á sí.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó dìde, ó fara balẹ̀, ó ní, “Màmá, ìdí iná là ń da omi sí, kì í ṣe orí panápaná.” Ó wá mú ìyá náà káàkiri ògiri, ó ń ṣàlàyé ìlú kọ̀ọ̀kan fún un. Aṣọ tútù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Àbígbẹ̀yìn wa pè. Mo ro ẹjọ́ bàbá rẹ̀ fún un. Ó ní, “Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ìgbà wo ni Bàbá ti sọ̀rọ̀ tó báyìí rí?”

Òótọ́ ni. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, á wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, á wọlé, á ní kí la fẹ́ jẹ. Kò ní sọ nǹkan kan. Lánàá, ó dúró níwájú ọjà tó ń jó, ó ní iná kọ́ ló máa ń ba òun lẹ́rù, pé ìgbà tí ilé bá dákẹ́, tí òun ò gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́, ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10

Wàhálà. Ìyàwó Tẹ́ẹ́rẹ́, oníbàárà mi tó fẹ́ ṣègbéyàwó, wá wọ aṣọ rẹ̀ wò, òun àti ìyá rẹ̀. Ó dúró níwájú jígí, funfun báláú — odindi ìlú ń jóná lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kígbe. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé ọkọ ọmọ mi lẹ ń yà sára ògiri yẹn?” Ó ní Sátidé làwọn máa wá gba aṣọ. Bí òun bá tún bá iná kan níbẹ̀, ọ̀dọ̀ aránṣọ mìíràn làwọn ọmọ òun méjì tó kù ń lọ. Ẹnu ìyá yẹn gùn, ó máa dé gbogbo àdúgbò. Kí ni màá wá máa rán? Ìrọ̀rí?

Wọ́n ní èèyàn kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwa fi tiwa kọ́ ògiri. Mo ní kí Ọ̀gá Iná já gbogbo rẹ̀ kó tó di Sátidé.

Ó ní, “Ó dáa, Ìyá wọn.” Ká ní ó bá mi jà ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ó ti já wọn. Ihò ìṣó ló kù. Èyí tó tóbi jù lọ ló ní kí n jẹ́ kó fara ti ògiri lẹ́yìn maṣíìnì títí di ọ̀la, ọwọ́ ń dùn ún. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ látàárọ̀. Ilé dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14



Lówùúrọ̀, mò ń lọ ìbòrí Ìyàwó Tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá Ojú Fèrèsé pè mí, mo jáde, ọ̀rọ̀ ń dùn. Ó bojú wo ẹ̀yìn mi, ó rẹ́rìn-ín: “Àwòrán Bàbá tún ti ń tàn! Ó mà dára o!”

Àwòrán wo? Ìrọ̀lẹ́ loòrùn máa ń wọ pálọ̀ wa.

Mo yíjú. Áyọ́ọ̀nù! Mo gbé e dálẹ̀ sórí búláńkẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọṣọ. Ọwọ́ iná ti ń wá aṣọ ìyàwó tó wà lára ìkọ́. Èmi tí mò ń ro ẹjọ́ ọkọ mi kiri nítorí iná àwòrán, mo fọwọ́ ara mi dá ti gidi.

Ọ̀gá Iná ti ibi ìwẹ̀ jáde, tówẹ́ẹ̀lì tútù ní ìbàdí, bàtà ẹsẹ̀ kan. Kò pariwo. Ó fa wáyà yọ. Ó gbé páànù ńlá náà, ó dà á bo iná lójú, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe ṣìì. Iná kú.

Ó wá bojú wo pálọ̀ yíká, ó ní, “Èèyàn mélòó ló wà nínú ilé?”

Mo ní, “Àwa méjèèjì.”

“Ó pé.” Ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo jókòó tì í. Mò ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, torí tówẹ́ẹ̀lì ti já.

Aṣọ ìyàwó ò ní àbàwọ́n kan. Ìbòrí ti jóná. Mo ti ń rán òmíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ìyá Ìyàwó wọlé, ó gbójú sókè, ó la ẹnu. Páànù ńlá náà ló rí lókè maṣíìnì mi, ó ti dúdú létí odò inú àwòrán náà, níbi tí iná gidi ti kàn án. Èmi ni mo kọ́ ọ. Kó tó sọ̀rọ̀, mo ní, “Ohun tó gba aṣọ ọmọ yín sílẹ̀ lánàá nìyẹn, ẹ kí i.” Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan áyọ́ọ̀nù. Ó wo páànù, ó wo aṣọ, ó wo Ọ̀gá Iná. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé àga wá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi máa múra tán, Ọ̀gá Iná ti kó páànù méjì sí i jáde, ìyá náà sì ti mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ní ìlú mẹ́ta.

Wọ́n lọ tán, Ọ̀gá Iná wá dúró sábẹ́ àwòrán náà, ó mi orí. Ó ní mo kọ́ ọ sódì, iná rẹ̀ kọjú sí kíṣìnnì.

Mo ní kó lọ gbé kíṣìnnì kúrò.