Àwọn Lẹ́tà tí Wọ́n Fọ̀ Kúrò Lára Òkúta Torgny

5, Òpópónà Kalkvägen,
Stenarve, Gotland.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, Ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ọjà Àtijọ́,
Stenarve, Gotland.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÒKÚTA RÚNÙ ỌKỌ MI

1. Èmi ni opó Torgny Hallgren, ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbẹ́ lẹ́tà rúnù, lẹ́tà àwọn baba ńlá wa, sára òkúta nínú ọjà yín tí a ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ bíi ti ayé àtijọ́. Òun ló ń gbẹ́, èmi ni mo ń fi ọ̀dà pupa kùn ún.

2. Torgny kú ní oṣù Kejì. Ó fi òkúta kan sílẹ̀ láìparí. Ó ti fi èédú ya gbogbo lẹ́tà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì péré ni irin rẹ̀ dé. Nígbà tí mo gbé e wá sọ́jà láti wá agbẹ́kúta tí yóò parí rẹ̀, òjò ṣú. Ẹ̀rù bà mí pé omi á gba ìwọ̀nba ọwọ́ ọkọ mi tó kù, mo bá fi ọ̀dà tọ ojú èédú náà.

3. Mo mọ òfin: a kì í kun ohun tí irin kò tíì kàn. Èmi gan-an ti bá àwọn oníṣọ̀nà tuntun jà lórí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n alámòójútó yín, Ọ̀gbẹ́ni Sixten Lindvall, kò bi mí léèrè. Mo lọ ra ẹja yíyan. Kí n tó dé, ó ti fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ̀dà tí kò tíì gbẹ náà dànù, tòun tèédú. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, “Màmá, mo rò pé ayédèrú iṣẹ́ ni. Ẹ má bínú.” N kò bínú sí i mọ́. Àwọn aládùúgbò ń tù mí nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Omi yẹn gan-an ni mo fẹ́.

4. Ohun tí ó ti gbẹ́ nìyí: “Torgny gbẹ́ àwọn rúnù yìí fún Gunvor, aya rẹ̀.” Èyí tí wọ́n fọ̀ ni: “Ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí ojú rí wọn.” Nínú gbogbo ọdún wa, kò fi ẹnu sọ ọ́ fún mi rí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.

5. N kò ní kí ẹ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni Lindvall sọ pé òun ya fọ́tò òkúta náà kí òun tó fọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé mo rú òfin, ó sì wà nínú fáìlì yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí agbẹ́kúta mìíràn lè tọ ojú ilà Torgny. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jẹ̀bi, n ó fọwọ́ sí i. Ẹ ṣáà fún mi ní fọ́tò náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Gunvor Hallgren (Ìyáàfin),
Akunrúnù.