Bàbá Moumouni Akambi, Ẹni Tó Fi Ọdún Méje Ṣọ́ Ẹnu (1914–1969)

Ọdún 1914 ni wọ́n bí Bàbá wa, Moumouni Akambi, ní Dowa, ní Àjàṣẹ́, sínú ìdílé àwọn aránṣọ tó ti Ọ̀yọ́ wá tẹ̀dó sétí ọ̀sà. Waliou ni bàbá wọn, Kouboura ni ìyá wọn. Wọ́n ka Kùránì parí. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n lò níléèwé Faransé. Ní 1938, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Abibatou.

Ẹyìn ni Bàbá ń wọ̀n níléeṣẹ́ epo kan. Ìdì ẹyìn yìí, àti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú, ni àwọn Faransé ń pè ní rẹ́jíìmù. Ọ̀rọ̀ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Ní 1962, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ṣáá, wọ́n ń rù, ayé ń rí bàìbàì lójú wọn bí ìgbà tí ìkùukùu bo ọ̀sà. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, ó ní kí wọ́n máa ṣe rẹ́jíìmù. Àṣé ṣíṣọ́ oúnjẹ jẹ ló ń wí! Ìdì ni Bàbá gbọ́. Wọ́n ra odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, Ìyá wa ń bó o fún wọn: "Ẹ jẹ ẹ́, oògùn ni." Lọ́jọ́ kẹfà, Bàbá dákú, a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Háà! Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́ ohun tí wọ́n jẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún.

Nígbà tí Bàbá lajú, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí àwọn fúnra àwọn fi Fadilatou, àbíkẹ́yìn wọn, fọ́kọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà.

Láti ìgbà náà, ní ìdájí, Ìyá wa á se abẹ́rẹ́ nínú omi híhó, wọ́n á gún Bàbá nítan. Inú iyanrìn tútù nídìí àmù ni ìgò oògùn ń gbé. Bàbá á wá máa rìn létí ọ̀sà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rìn lójú àlá, títí oòrùn á fi yọ. Wọ́n á jẹ ẹ̀wà díẹ̀, wọ́n á yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò bóyá egbò wà níbẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, wọn kì í tọ́ oyin wò mọ́. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wá ń pè wọ́n ní Bàbá Rẹ́jíìmù, Bàbá náà á sì dáhùn. Ẹnikẹ́ni tí àtọ̀gbẹ bá mú ní Dowa, Bàbá á lọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún un. Ṣùgbọ́n Ìyá wa kò yé dá ara wọn lẹ́bi.

Ní Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1969, Bàbá jókòó síwájú àwọn àáfà, wọ́n fi ẹnu ara wọn fi Fadilatou fún ọkọ rẹ̀, Ràṣídì. Inú wọn dùn, ojú wọn kún fómi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di ọwọ́ Ìyá wa mú: "Abibatou, ọwọ́ yìí ló gbé mi dé òní. Má dá a lẹ́bi mọ́." Ìyá wa ò lè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá sùn, wọn ò jí mọ́.

Ìyàwó wọn, Abibatou, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Issifou, Ìyábọ̀ àti Fadilatou, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Bàbá, kí Ọlọ́run tẹ́ ibi tó tutù fún yín, ẹ sùn ire. Ìyá wa ní ká kọ ọ́ síhìn-ín pé àwọn ti gbọ́.