Ọmọ Igi Ọsàn Nínú Yàrá Bàbá Yín

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé yín ti sinmi wàhálà? Ọlọ́run á máa bá mi ṣọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ lọ́nà. Èmi náà wà, a kúkú ń rọra gbé ara kiri.

Àyà bàbá yín ò tíì sàn. Mímí ti diṣẹ́ fún wọn, bí wọ́n bá mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dúró bí ẹni tó ń gun òkè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé iwájú ilé wa, ló sọ fún mi pé ewé ló ń ṣe afẹ́fẹ́ rere tí èèyàn ń mí. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti dìde. Ogójì ọmọ igi ọsàn tí mo fẹ́ tà fún àwọn olóko ni mo kó yí bẹ́ẹ̀dì bàbá yín ká, mo ti fèrèsé, mo fa kọ́tìnì bò ó, kí afẹ́fẹ́ náà má bàa jò lọ sílé aládùúgbò.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ewé ń pọ́n, ó ń rẹ̀ sílẹ̀. Mo pe Tíṣà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dorí mú. Ó ní ewé ń se oúnjẹ ni, oòrùn ni iná rẹ̀, omi láti ìdí igi àti èémí tí àwa mí síta ni èlò rẹ̀, ibi tó ti ń sè é ló ti ń tú afẹ́fẹ́ rere sílẹ̀. Ó ní àmọ́ igi náà ń mí bíi tiwa, ó ń fa lára afẹ́fẹ́ rere yẹn padà kó lè sọ oúnjẹ náà di agbára, èémí tó bá sì mí síta, ewé á tún fi se òmíràn. Bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, sísè dúró nìyẹn, mímí kì í dúró. Ó ní nínú òkùnkùn tí mo kó wọn sí, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ, wọn ò sè, wọ́n tún ń bá bàbá yín pín ìwọ̀nba tó wà nínú yàrá. Ó ní kí n kó wọn síta.

Mo ní bí wọ́n bá jáde, afẹ́fẹ́ ọkọ mi jáde nìyẹn. Mo wá tan iná fóònù tí o rà fún mi sí wọn títí bátìrì fi kú. Mo lọ bá ẹni tó ń ta káàdì fóònù, mo ní kó fún mi ní èyí tó ní oòrùn nínú. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó béèrè pé báwo ni ara bàbá. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi.

Bàbá yín fúnra wọn ló ní kí n kó wọn jáde, pé ẹnì kan tó ń kú nínú yàrá ti tó. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti gbẹ. Mo ṣí fèrèsé, bàbá yín sì mí, ó já gaara díẹ̀. Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ọwọ́ ara mi sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọkọ mi. Tíṣà ní kí n má dára mi lẹ́bi, pé ohun tí igi fà ò tó nǹkan, fèrèsé tí mo tì ló burú jù. Ṣé ìyẹn wá sàn, nígbà tó jẹ́ èmi náà ni mo tì í?

Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti gbó, kí a kàn máa tọ́jú wọn. O ní o máa fowó fáànù ránṣẹ́. Má fi ránṣẹ́. Fi wọkọ̀ wálé. Lánàá, orúkọ rẹ ni wọ́n fi pè mí. N kò tún un ṣe, mo jẹ́ ẹ.

Ọ̀nà á là fún ọ. O ò ní délé bá òfo.

Èmi ni, ìyá rẹ.